Ọyẹ́ Kò Ba Ẹ́ńjìnnì Jẹ́, Àṣírí Ló Ń Tú

  

Ẹ̀kọ́ ti òní dá lórí mọ́tò àti ẹ̀rọ tí ń jẹ epo dísù, tí kì í fẹ́ dáhùn ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Ẹ̀kọ́ yìí wà fún awakọ̀. Ó wà fún ìyá tí ń rin ẹ̀gẹ́ àti fún ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìlọta. Ó sì wà fún ẹni tí kò ní mọ́tò rárá, ṣùgbọ́n tí ó ń wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Òun náà ní ẹ̀mí tí ó ń tọ́jú.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ A Ó BÁ PÀDÉ

Sìlíńdà: ihò róbótó inú ẹ́ńjìnnì, níbi tí epo ti ń jó.
Písítìn: irin tí ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà.
Nọ́sù: ẹnu tóóró tí ń fín dísù sínú sìlíńdà.
Sítátà: ẹ̀rọ kékeré tí bátìrì fi ń yí ẹ́ńjìnnì.
Púlọ́ọ̀gì olóoru: púlọ́ọ̀gì tí ń mú inú ẹ́ńjìnnì dísù gbóná kí ó tó dáhùn. Òyìnbó ń pè é ní glow plug.

1. OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ LÓRÍ ÒKÈ

Òkè ló yí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ká. Bí ọyẹ́ bá dé, láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kejì, ara a máa gbọ̀n ní kùtùkùtù. Awakọ̀ kan wà nínú kíláàsì wa níbẹ̀. Píkọ́ọ̀pù tí ń jẹ dísù ni ó ń wà. Ní gbogbo àárọ̀ ọyẹ́ ni píkọ́ọ̀pù yìí máa ń fi í ṣẹ̀sín. Yóò yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì yóò máa ké wu-wu-wu, kò ní dáhùn.

Awakọ̀ wa dá ọgbọ́n kan. Bí alẹ́ bá lẹ́, orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ó máa ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò yọ òkúta tí ó fi dá táyà dúró. Ọkọ̀ yóò máa yí lọ sísàlẹ̀, yóò sì kó jíà sí i kí ẹ́ńjìnnì lè dáhùn. Ó sọ fún wa lọ́jọ́ kan pé, “Tíṣà, òkè Ẹ̀fọ̀n ni sítátà mi.” Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. A kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ní òru ọjọ́ kan, wọ́n wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Obìnrin kan ń rọbí, wọ́n sì fẹ́ kí ó gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n gbé obìnrin náà sí iwájú ọkọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó tì í. Awakọ̀ yọ òkúta. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ. Ó kó jíà sí i, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ó tún kó jíà sí i, ó tún kú. Báyìí ni ọkọ̀ ń sáré sí i. Ó tẹ bíréèkì, bíréèkì le bí òkúta. Ó yí sítíárìn, òun náà le. Ọlọ́run ló ní kí ó rí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó fi agbára darí ọkọ̀ sínú rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò kú. Ọkọ̀ mìíràn ló gbé obìnrin náà dé ọsibítù, ó sì bí tibi-tire. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ fi orí gbá gíláàsì, ó sì wà ní ìdùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Kí ló dé tí bíréèkì fi le? Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ẹ́ńjìnnì ni ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ó bá tẹ bíréèkì. Òun náà ni ń ran ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ó bá yí sítíárìn. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́, ìrànlọ́wọ́ yẹn kò sí. Ẹni tí ó bá ń yí ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó kú, ó ti sọ ìrànlọ́wọ́ bíréèkì rẹ̀ nù kí ó tó gbéra.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, a kó gbogbo kíláàsì lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan. A ní kí ó kọ́ wa ní ohun tí ń ṣe ọkọ̀ náà. Ohun tí a rí níbẹ̀ ló di ẹ̀kọ́ yìí.

2. BÍ DÍSÙ ṢE Ń GBINÁ

Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná. Ìṣáná náà ló ń mú kí pẹtiróòlù gbiná. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní irú púlọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀. Báwo wá ni epo rẹ̀ ṣe ń gbiná?

Ẹ rántí ìgbà tí ẹ bá ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá ti ń tẹ pọ́ńpù léraléra, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹ kò dáná sí i o. Afẹ́fẹ́ tí ẹ ń fún pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń mú ooru wá.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nínú ẹ́ńjìnnì dísù. Písítìn a gòkè, a fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó tó igbá 20 a di ohun tí kò ju igbá kan lọ. Omi máa ń hó ní ìwọ̀n ooru 100. Ooru afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ yìí lè kọjá ìwọ̀n 500. Ní àkókò náà gan-an ni nọ́sù yóò fín dísù sínú rẹ̀. Bí dísù bá ti kan afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹn, òun fúnra rẹ̀ á gbiná.

Ará Jámánì kan ló ṣe é. Orúkọ rẹ̀ ni Rudolf Diesel. Ìlú Paris ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1858. Ní ọdún 1897, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa ní ìlú Augsburg ní ilẹ̀ Jámánì. Orúkọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe epo náà títí di òní.

Nítorí náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn: ooru ni ìṣáná dísù. Ohunkóhun tí ó bá jí ooru yẹn kó, ó ti jí ìṣáná ẹ́ńjìnnì kó.

3. IṢẸ́ PÚLỌ́Ọ̀GÌ OLÓORU

Gbogbo wa la mọ Ìkógòsì. Omi gbígbóná ń jáde láti inú àpáta níbẹ̀, omi tútù sì ń ṣàn wá láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Níbi tí wọ́n ti pàdé, omi gbígbóná kì í gbóná tó bí ó ti gbóná ní orísun mọ́. Omi tútù ti gba nínú ooru rẹ̀.

Irin tútù a máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì. Ní òwúrọ̀, gbogbo irin inú ẹ́ńjìnnì ti tutù. Afẹ́fẹ́ a gbóná díẹ̀, irin tútù a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Dísù a wọlé, kò ní rí ooru tó.

Nítorí èyí ni wọ́n fi ṣe púlọ́ọ̀gì olóoru. Ó dà bí ọ̀pá irin kékeré, kò nípọn ju pẹ́ńsùlù lọ. Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ní sìlíńdà 4, púlọ́ọ̀gì olóoru rẹ̀ jẹ́ 4. Wáyà tí a ká wà nínú rẹ̀, bí èyí tí ó wà nínú áyọ́ọ̀nù oníná. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, iná bátìrì a wọ inú wáyà náà, orí ọ̀pá náà a sì pọ́n bí irin inú ààrò alágbẹ̀dẹ. Ooru rẹ̀ lè kọjá ìwọ̀n 800.

Níwájú awakọ̀, àmì pupa rẹ́súrẹ́sú kan máa ń tàn nígbà náà, bí wáyà tí a ká. Ẹ dúró kí ó kú, kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ dé òpin. Nínú mọ́tò àtijọ́, ó lè gba ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 30. Nínú mọ́tò tuntun, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í dúró. Wọ́n á fipá yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á wá máa bú ọyẹ́.

Ẹ ṣọ́ra o: nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, àmì náà kò sọ fún yín pé púlọ́ọ̀gì dára. Bí aago lásán ló rí. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè ti kú, kí àmì ṣì máa tàn kí ó sì máa kú bí ó ti yẹ.

4. ÌWÀ ỌYẸ́ ILẸ̀ WA

Ní ilẹ̀ òyìnbó, òtútù lè pọ̀ débi pé omi á di yìnyín lójú títì. Nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, dísù a máa dì nínú táǹkì bí òrí. Ọyẹ́ tiwa kò tó bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, epo pupa máa ń dì nínú ìgò wa nígbà ọyẹ́. Ìyẹn ló mú kí àwọn kan máa sọ pé dísù náà ti dì. Dísù kì í ṣe epo pupa. Ọyẹ́ Ẹ̀fọ̀n kò lè mú un dì.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyí. Ẹ́ńjìnnì dísù tí ara rẹ̀ le yẹ kí ó dáhùn nínú ọyẹ́ wa, kódà bí púlọ́ọ̀gì olóoru kan nínú mẹ́rin bá ti kú. Bí ó bá ń kọ̀ láràárọ̀, àìsàn kan ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí eékún bàbá àgbà bá ń dùn ún nígbà ọyẹ́, ṣé ọyẹ́ ló dá àìsàn eékún sílẹ̀? Rárá o. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ọyẹ́ kò ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, àṣírí ló ń tú.

5. ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN TÍ A Ó BI Ẹ́ŃJÌNNÌ

Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú nǹkan kí ẹ tó béèrè. Ẹ béèrè ní tẹ̀léǹtẹ̀lé.

Ìbéèrè kìn-ín-ní: Ṣé ẹ́ńjìnnì ń yí kíákíá?

Bí ó bá ń yí lọ́ra bí arúgbó tí ń gun òkè, ẹ má tíì dẹ́bi fún púlọ́ọ̀gì. Bí písítìn bá ń gòkè lọ́ra, afẹ́fẹ́ a máa jò lọ, ooru kò ní tó. Ẹ wo bátìrì. Bátìrì 12 tí ó kún dáadáa tí ó sì ti sinmi yóò fi nǹkan bí 12.6 hàn lójú mítà rẹ́wáyà. Bí ó bá jẹ́ 12 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, ebi ń pa á. Ẹ wo orí bátìrì. Bí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá bò ó, iná kò lè kọjá dáadáa. Ẹ tú ẹsẹ̀ tí ó ní àmì ìyọkúrò (–) kọ́kọ́, kí ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì dè é le. Ẹ má ṣe mú iná tàbí sìgá súnmọ́ bátìrì, nítorí atẹ́gùn tí ń jáde nínú rẹ̀ lè bú gbàù.

Ìbéèrè kejì: Irú èéfín wo ló ń jáde ní sàláńsà?

Kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kì í ṣe ní ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó máa wo ẹnu sàláńsà nígbà tí ẹ bá ń yí kọ́kọ́rọ́.

Bí èéfín funfun bá ń jáde: dísù ń wọlé, ṣùgbọ́n kò rí ooru tí yóò fi gbiná. Púlọ́ọ̀gì olóoru la ó kọ́kọ́ fura sí.

Bí èéfín kò bá jáde rárá: dísù kò dé inú sìlíńdà. Ẹ wo táǹkì. Ẹ wo fílítà bóyá ó ti dí, tàbí bóyá omi wà nínú rẹ̀. Ẹ fọwọ́ tọ páìpù dísù kí ẹ rí ibi tí ó ti rin.

Bí èéfín dúdú bá ń jáde: epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́. Eruku ọyẹ́ lè ti dí i pa.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ná owó dànù nìyí. Bí páìpù dísù bá ní ihò kékeré kan, dísù lè padà sínú táǹkì lóru, kí afẹ́fẹ́ sì gba ipò rẹ̀. Ní àárọ̀, ọkọ̀ kò ní dáhùn. Bí ó bá dáhùn lẹ́ẹ̀kan, yóò máa dáhùn títí di alẹ́. Ṣebí bí àìsàn púlọ́ọ̀gì olóoru ṣe rí náà nìyẹn? Báwo la ó ṣe mọ ìyàtọ̀? Bí mọ́tò yín bá ní pọ́ńpù ọwọ́ lórí fílítà dísù, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi le, kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́. Bí ọkọ̀ bá dáhùn kíákíá lẹ́yìn náà, páìpù ló ń jò. Ẹ má ra púlọ́ọ̀gì.

Ìbéèrè kẹta: Ṣé iná ń dé orí púlọ́ọ̀gì?

Rẹ́wáyà máa ń ní gílóòbù kékeré kan tí ó so wáyà méjì mọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, yóò fi wáyà kan kan irin ẹ́ńjìnnì, yóò fi èkejì kan orí púlọ́ọ̀gì. Kí ẹlòmíràn yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ títí àmì yóò fi tàn. Bí gílóòbù bá tàn, iná ń dé ibẹ̀. Bí kò bá tàn, ẹ wo fíúsì, ẹ wo rìlé, ẹ wo wáyà. Ó lè jẹ́ pé púlọ́ọ̀gì kò ní àrùn kankan.

Ìbéèrè kẹrin: Ṣé púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ṣì wà láàyè?

Ẹ pa kọ́kọ́rọ́. Ẹ yọ irin pẹlẹbẹ tàbí wáyà tí ó so àwọn púlọ́ọ̀gì pọ̀. Ẹ fi wáyà gílóòbù kan kan ẹsẹ̀ bátìrì tí ó ní àmì ìròpọ̀ (+). Ẹ fi èkejì kan orí púlọ́ọ̀gì, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí gílóòbù kò bá tàn sí, wáyà inú rẹ̀ ti já. Ó ti kú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: 1, 2, 3, 4. Èwo ló kú? Èwo ló yè?

Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá yè, tí iná ń dé ibẹ̀, tí bátìrì lágbára, tí èéfín funfun sì ṣì ń jáde, ó ṣeé ṣe kí ríǹgì písítìn ti jẹ tàbí kí nọ́sù máa tọ̀ dípò kí ó máa fín. Iṣẹ́ ọ̀gá mẹkáníìkì nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

6. ÌWÉ KÍKÀ GBA AWAKỌ̀ WA LỌ́WỌ́ ÒFÒ

Nígbà tí a bi píkọ́ọ̀pù náà ní ìbéèrè mẹ́rin, ó dáhùn. Ó ń yí kíákíá. Èéfín rẹ̀ funfun. Iná ń dé orí púlọ́ọ̀gì. Ṣùgbọ́n nínú púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, mẹ́ta ti kú. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń dá ṣiṣẹ́ mẹ́rin, ìyókù ni òkè Ẹ̀fọ̀n ń ṣe.

Awakọ̀ wa fi púlọ́ọ̀gì àtijọ́ kan sínú àpò, ó lọ sí ọjà. Ẹni tí ń ta nǹkan mọ́tò mú mẹ́rin jáde, ó ní, “Baba, ọ̀kan náà ni wọ́n.” Gígùn wọn dọ́gba. Ìrísí wọn jọra. Ọdún kan sẹ́yìn, awakọ̀ wa ìbá ti sanwó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yìí, ó mú jígí ojú rẹ̀ jáde, ó ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára irin náà. Lára ti àtijọ́: 11V. Lára ti tuntun: 6V. Ó ní, “Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.” Ó dá a padà.

Òótọ́ ló sọ. Púlọ́ọ̀gì olóoru kì í ṣe irú kan. Òmíràn wà fún 11, òmíràn fún 6, òmíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Ti mọ́tò ńlá tí ń lo iná 24 tún yàtọ̀. Bí a bá fi èyí tí ó wà fún iná kékeré gba iná ńlá, yóò jó. Orí rẹ̀ lè kán, kí ó bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì, kí ó sì ba písítìn jẹ́. Owó púlọ́ọ̀gì á wá di owó ẹ́ńjìnnì.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, nọ́ńbà méjì péré ni ó kà. Ṣé ẹ rí i pé ìwé kíkà kì í ṣe ti inú kíláàsì nìkan?

Nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ àwọn tí ó kú, mẹkáníìkì kọ̀ láti fi agbára yí wọn. Ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, ó ta epo sí ìdí wọn, ó dúró, ó wá ń yí wọn díẹ̀díẹ̀. Bí púlọ́ọ̀gì bá kán sínú ihò rẹ̀, ó lè di pé wọ́n á ká gbogbo orí ẹ́ńjìnnì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, awakọ̀ wa yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, ó dúró kí àmì kú, ó yí i dé òpin. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ó ń gbé ọkọ̀ sí. Owó tí ó san fún púlọ́ọ̀gì kò tó owó tí ó fi tún iwájú ọkọ̀ ṣe. A kò sì tíì ka orí ìyá yẹn mọ́ ọn.

7. Ẹ̀RỌ LISTER NÍ ILÉ ÌLỌTA

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń rin ẹ̀gẹ́, ẹ lè béèrè pé: “Níbo ni púlọ́ọ̀gì olóoru ẹ̀rọ tiwa wà?” Kò ní. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Láyé àtijọ́, àwọn ẹ̀rọ kan wà tí a ní láti fi iná fìtílà jó orí wọn kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1930, ilé iṣẹ́ Lister ní ìlú Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ẹ̀rọ kan jáde tí a lè fi ọwọ́ yí nínú òtútù, tí yóò sì dáhùn láìsí fìtílà. CS ni wọ́n pè é. Ìtumọ̀ lẹ́tà méjì yìí ni pé ó lè dáhùn láti inú òtútù. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀, pàápàá ní ìlú Rajkot, tí wọ́n sì ń tà á káàkiri ayé.

Ẹ gbé ọwọ́ irin tí ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ sókè. Ẹ yí ẹ̀rọ títí yóò fi sáré. Ẹ wá sọ ọwọ́ irin náà kalẹ̀. Bí kò bá dáhùn, ẹ wo dísù, ẹ wo fílítà, ẹ wo bóyá afẹ́fẹ́ ń jò. Nígbà tí ẹ bá ń yí i, ẹ má ṣe fi àtàńpàkò yí ọ̀pá ká. Kí àtàńpàkò wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ìka yòókù. Bí ẹ̀rọ bá ta padà, ọ̀pá á kúrò lọ́wọ́ yín, kò ní kán an.

8. OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A ṢE

Ẹ má ṣe dáná sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì tàbí abẹ́ táǹkì.

Ẹ má ṣe fi aṣọ tí a rì sínú pẹtiróòlù sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn inú agolo tí a ń fín. Bí púlọ́ọ̀gì olóoru bá ti pọ́n, oògùn yẹn lè gbiná kí àkókò rẹ̀ tó tó, kí ó fọ́ písítìn tàbí kí ó jó yín lójú.

Ẹ má ṣe di kọ́kọ́rọ́ mú títí. Bí ìṣẹ́jú àáyá 10 bá kọjá, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí sítátà sinmi fún ìṣẹ́jú kan.

Ẹ má ṣe tú páìpù nọ́sù mọ́tò tuntun tí ń lo kọ̀ǹpútà. Agbára tí dísù fi ń jáde níbẹ̀ lè gún awọ ènìyàn bí abẹ́rẹ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ nínú ilé tí a tì pa. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn.

Ẹ má ṣe fi òkè ṣe sítátà.

9. ÌWÉ KÉKERÉ INÚ ỌKỌ̀

Ẹ ra ìwé kékeré kan àti báírò, kí ẹ fi sínú ọkọ̀ tàbí sí ilé ìlọta. Bí ẹ bá pààrọ̀ nǹkan, ẹ kọ ọjọ́, ohun tí ẹ pààrọ̀, nọ́ńbà ara rẹ̀, àti iye tí ẹ san. Ẹ kọ àwọ̀ èéfín àárọ̀ tí ọkọ̀ kò fẹ́ dáhùn. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ ka ìwé yín sí i létí. Mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Èyí tí ó bá fẹ́ rẹ́ yín jẹ yóò ṣọ́ra.

Ọyẹ́ ń bọ̀ lọ́dọọdún, a kò lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹnìkan lè kan ilẹ̀kùn yín lóru. Kí ọkọ̀ yín dáhùn lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ní ọjọ́ náà.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìṣáná dísù?
2. Kí ló mú kí bíréèkì awakọ̀ náà le?
3. Bí èéfín bá funfun, kí ni ẹ ó kọ́kọ́ fura sí? Bí èéfín kò bá jáde rárá ńkọ́?
4. Báwo ni ẹ ó ṣe mọ ìyàtọ̀ láàárín púlọ́ọ̀gì tó kú àti páìpù dísù tí ń jò?
5. Nọ́ńbà wo ni awakọ̀ wa kà ní ọjà? Kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ bí kò bá kà á?

IṢẸ́ ṢÍṢE

Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ awakọ̀ tàbí alẹ́rọ ìlọta kan ní àdúgbò yín. Ẹ bi í bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń ṣe ní àárọ̀ ọyẹ́. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ ní ìlà márùn-ún, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì. Bí ó bá jẹ́ orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ó ń gbé ọkọ̀ sí lálẹ́, ẹ ka apá kìn-ín-ní ẹ̀kọ́ yìí fún un.